Fèrè Tí Ajá Kò Gbọ́

Géètì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdajì kí mọ́tò lè wọlé, ajá ti bọ́ sí títì. Ẹni tó ni ín sáré jáde pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, ó ń ké "Rex! Rex! Rex!" Ajá bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó rí i kedere, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọmọléèwé fọ́n ká, ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì gbé ọmọ rẹ̀ sókè. Ẹjọ́ tí gbogbo àdúgbò máa dá ni pé alágídí ni ajá náà.

Èmi ò bá wọn dá ẹjọ́ yẹn. Ajá tó bojú wẹ̀yìn ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Ohun tó tún mọ̀ ni pé bí wọ́n bá ti ń pe orúkọ yẹn báyìí, ìgbádùn parí: wọ́n á di ọrùn rẹ̀ mú, wọ́n á wọ́ ọ wọlé, wọ́n á tì í mọ́ àgò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ta ni yóò sáré lọ jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀?

Irú ajá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn tí wọ́n bí fún iṣẹ́. German Shepherd tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Alsatian, ajá darandaran ni. Nígbà tí Max von Stephanitz dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń sìn ín sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1899, ohun tó ń wá ni ajá tó lè máa sáré kiri létí agbo àgùntàn láti òwúrọ̀ dalẹ́. Malinois náà, tó gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú Mechelen ní Bẹ́ljíọ̀mù, darandaran ni. Akọ rẹ̀ sábà máa ń ga tó nǹkan bíi 62 sẹ̀ǹtímítà ní èjìká, kì í sì í sábà ju 30 kílò, ṣùgbọ́n agbára inú rẹ̀ kò bá ìwọ̀n rẹ̀ mu rárá. Ẹ má sì fojú kéré ajá ìbílẹ̀ wa tí a ń pè ní lókà. Àwọn baba ńlá rẹ̀ bá ọdẹ tọ ipasẹ̀ nínú igbó ní gbogbo òru, kò sí ohun tó sọ fún un pé iṣẹ́ yẹn ti parí.

Irú ẹran báyìí la wá ń tì mọ́ àgò ẹlẹ́sẹ̀-bàtà mẹ́fà láti aago méje àárọ̀ di aago mẹ́wàá alẹ́, nítorí àlejò àti ọmọdé, tí a ó wá tú u sílẹ̀ lóru kó máa ṣọ́ ilé. Fún wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohun kan ṣoṣo tó ń ṣẹlẹ̀ sí i tó dùn ni pé ilẹ̀kùn ṣí. Nítorí náà, bí ilẹ̀kùn èyíkéyìí bá ti ṣí, yálà ti àgò ni tàbí géètì ńlá, ó máa gba ibẹ̀ jáde bí ọta ìbọn. Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín kọ́ ọ.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbà yín ni pé kí ẹ jẹ́ kó sáré títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ó dára títí dé ibì kan. Ajá tó ń bá ọ̀dọ́kùnrin kan sáré kílómítà márùn-ún lójoojúmọ́ yóò sùn fọnfọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, iṣan rẹ̀ ti le, èémí rẹ̀ ti gùn, kílómítà márùn-ún ti di ìnàjú lásán, ẹ sì ti ní eléré ìje nílé tí kò ṣì í jẹ́ ìpè. Ohun tó ń mú orí irú ajá yìí wálẹ̀ ni iṣẹ́ tó ní ìrònú nínú, pẹ̀lú ìsinmi tó tó. Màá padà síbẹ̀. Ìpè ni ká kọ́kọ́ tún ṣe.

Ẹ wo bí a ṣe ń bà á jẹ́. A pè é, a wẹ̀ ẹ́. A pè é, dókítà ẹranko gún un lábẹ́rẹ́. A pè é nígbà tó ń bá ajá ẹlòmíì ṣeré, a sì mú un lọ sílé. A pè é lẹ́ẹ̀mẹjọ kó tó dáhùn, ó wá mọ̀ pé ìkẹjọ ni ìpè gidi, pé méje ìṣáájú kàn jẹ́ ariwo. Èyí tó burú jù ni ti igi. Ajá jáde fún ogún ìṣẹ́jú, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá, wọ́n fún un ní igi mẹ́ta. Lójú yín, ẹ nà án nítorí pé ó sá jáde. Lójú tirẹ̀, ohun tó ṣe kẹ́yìn kí igi tó bà á ni pé ó wá bá yín. Ìgbà mìíràn tó bá jáde, yóò dúró jìnnà. Ajá tó pa ikún lónìí lè pa ọ̀yà lọ́la. Èyí tó pẹ́ kó tó dé, ó ṣì dé, ẹran ló tọ́ sí i.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ènìyàn tó kọ etí dídi sí ìmọ̀ràn ni wọ́n ń bá wí, ó sì bá ènìyàn mu. Tó bá jẹ́ ajá gan-an là ń sọ, etí rẹ̀ ń gbọ́ ìró tó ga tó nǹkan bíi 45,000 Hz, nígbà tí tiwa kì í kọjá 20,000. Ó gbọ́. Ìbéèrè tèmi ni pé, kí ni ọdẹ yẹn máa ń fún un nígbà tó bá jẹ́ fèrè tẹ́lẹ̀? Ìpè dà bí àjọ: ẹni tí kò bá dá a kò lè kó o. Ẹni tó ń pe ajá rẹ̀ kìkì nígbà wàhálà, ó ń wá owó níbi tí kò tí ì dá kọ́bọ̀ sí.

Ẹ má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò láti tún ìpè àtijọ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kí orúkọ máa jẹ́ orúkọ, kí ẹ wá ìró tuntun tí kò ní ìtàn. Fèrè ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ohùn ènìyàn máa ń fi ìbínú hàn, fèrè kì í bínú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bàbá, ìyá, ọmọ àti mègádì lè fọn ọ́n kó jẹ́ ìró kan náà. Ẹ ra méjì tó jẹ́ oríṣi kan, kí ẹ fi ọ̀kan pamọ́. Èyí tí kò ní kóró nínú sàn ju ti rẹ́fírì lọ. Kóró yẹn máa ń há bí itọ́ tàbí eruku bá wọ̀ ọ́, ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ gan-an ló sì máa há. Fèrè tí etí ènìyàn kò gbọ́, èyí tí Francis Galton ṣe lọ́dún 1876, kò pọn dandan. Ẹ ò ní mọ̀ bí ẹ bá fọn ọ́n kù. Fífọn kúkúrú mẹ́ta, ó tó.

Lẹ́yìn náà, oúnjẹ. Bísíkíìtì gbígbẹ kò lè bá ewúrẹ́ tó ń sáré díje. Ẹ bọ ẹ̀dọ̀ màlúù tàbí iwe adìyẹ nínú omi lásán, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀pà, ẹ yan án díẹ̀ lórí páànù láìfi òróró sí i kó má baà máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, kó wọ firísà. Iyọ̀ àti Maggi kò gbọdọ̀ kàn án, àlùbọ́sà ni kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá, nítorí ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹ má sọ ọ́ di ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́. Fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ máa fi iwe tàbí ẹran adìyẹ pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tó jẹ nídìí ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ, kí ẹ sì dín in kúrò lára oúnjẹ alẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, inú pálọ̀ tàbí kọ́rídọ̀ ni, ilẹ̀kùn ní títì. Ajá dúró tì yín, kò ń ṣe nǹkan kan. Ẹ fọn fèrè, oúnjẹ dé ẹnu rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lówùúrọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́. Kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe kó tó rí i gbà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú kò ju ọwọ́ lọ. Ọwọ́ ti ń lọ sí àpò kí fèrè tó dún, ajá sì ti tẹjú mọ́ àpò. Ó ti kọ́ ọwọ́, kò kọ́ fèrè. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wà nílẹ̀ bí igi títí fèrè á fi dún tán, kó tó lọ mú ẹran. Ẹ máa mọ̀ pé ó ti wọlé nígbà tó bá ń fi imú wá nǹkan lábẹ́ àga, tí ẹ fọn fèrè, tí orí rẹ̀ sì yí padà kíákíá, kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ti yàrá kejì pè é, kó tó wá kan àgbàlá.

Kó dé nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ ajá máa sáré wá, wọ́n á dúró níbi tí ọwọ́ kò lè dé, wọ́n á máa jó sọ́tùn-ún sósì. Ọwọ́ lára kọ́là ni wọ́n ń sá fún. Láti ọjọ́ kejì, ẹ fi ọwọ́ kan di kọ́là mú jẹ́ẹ́, kí ọwọ́ kejì tó gbé ẹran kalẹ̀ sí ẹnu, lẹ́yìn náà kí ẹ tú u sílẹ̀ kó máa lọ. Títú sílẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì tó ẹran. Ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí ẹ bá pè é, ó yẹ kó padà sídìí ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé koríko ló ń gbóòórùn, ẹ pè é, ẹ fún un, ẹ sọ fún un pé "ó yá, lọ!" Koríko yẹn náà ti di owó iṣẹ́ rẹ̀.

Kó tó di pé ẹ kọjá géètì, okùn. Okùn mítà mẹ́wàá, kì í ṣe ṣéènì, kì í sì í ṣe okùn tó ń ká ara rẹ̀ sínú ike. Ti inú ike yẹn máa ń fà mọ́ ajá lọ́rùn nígbà gbogbo, ó ń kọ́ ọ pé bí ó bá fa okùn, okùn á gùn sí i. Bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ yín, ike náà á máa pariwo tẹ̀lé e lórí títì, ẹ̀rù á sì lé e síwájú. Okùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń di ẹrù sórí mọ́tò máa ń ha ọwọ́. Ẹ wá èyí tó fẹ̀ tó sì rọ̀, irú bẹ́líìtì báàgì, kí ìkọ́ irin rẹ̀ lè yí lórí ara rẹ̀. Ẹ ta kókó sí i ní mítà méjì-méjì kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ lè rí ibi dá a dúró. Ẹ má ta ojóbó sí ìdí rẹ̀. Ojóbó ló máa ń há mọ́ gbòǹgbò àti kùkùté. Ẹ má sì wé e mọ́ ọwọ́ láé, nítorí bó ṣe ń ṣẹ́ ìka nìyẹn.

Kọ́là kọ́ ni kí ẹ kọ́ ọ mọ́. Malinois lè parí mítà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì, bí ó bá sì dé òpin okùn pẹ̀lú eré yẹn, ọ̀nà ọ̀fun àti eegun ọrùn ni yóò gba gbogbo ìfàya náà. Bẹ́líìtì àyà ni, èyí tó gba iwájú àyà àti abẹ́ apá kọjá, kí ìkọ́ wà lẹ́yìn. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Tó bá tú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ajá máa fà sẹ́yìn, á sì bọ́ ọ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó mú okùn, kó wọ ìbọ̀wọ́.

Iṣẹ́ okùn ni kí ajá má lè san owó fún ara rẹ̀ nípa sísálọ. Kì í ṣe láti fi wọ́ ọ wá. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí okùn ṣì rọ̀. Tí kò bá wá, ẹ má tún un fọn. Ẹ rọra rìn lórí okùn lọ bá a, ẹ gbé ẹran sí imú rẹ̀, ẹ fi ẹran náà darí rẹ̀ padà, kí ẹ sì sún sẹ́yìn kúrò nídìí ohun tó ń wò. Pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé lọ́jọ́ Sátidé láàárọ̀ kùtù, pẹ̀lú àṣẹ àwọn alákòóso, dára fún èyí. Tí ewúrẹ́ bá wà ní ìparí pápá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ajá ti lè rí i kó sì ṣì lè jẹun. Ajá tó kọ ẹ̀dọ̀ bíbọ̀, orí rẹ̀ ti lọ. Ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni òṣùwọ̀n mi. Tó bá jẹ́ ìpè kéré sí mẹ́jọ, ẹ padà sẹ́yìn mítà mẹ́wàá tàbí ogún. Tó bá jẹ́ ìpè tó mẹ́jọ lọ́jọ́ mélòó kan léraléra, ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀. Adìyẹ le ju ewúrẹ́ lọ nítorí pé ó ń fò. Ọ̀kadà ló le jù fún àwọn darandaran yìí: ohun tó ń sá kọjá ni wọ́n bí wọn láti lé.

Ní ti eré ìdárayá, oòrùn wa ni adájọ́. Ajá kì í làágùn tó bẹ́ẹ̀, ẹnu ló fi ń tú ooru dànù, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ Èkó sì máa ń dí ọ̀nà yẹn. Kí aago mẹ́jọ tó lù láàárọ̀, tàbí lẹ́yìn mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì. Bí ẹ kò bá lè fi í síbẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà kò lè rìn ín. Ara ajá tó dá máa ń wà láàárín 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Celsius, díẹ̀ lókè rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá 41, ikú ti sún mọ́lé. Ahọ́n á pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, itọ́ á ki, ẹsẹ̀ á máa ta gìrọ́gìrọ́. Omi ni kí ẹ dà sí i lára lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fẹ́ ẹ ní afẹ́fẹ́, kí ẹ máa dà á lọ kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ má fi aṣọ tútù bò ó kí ẹ fi í sílẹ̀, nítorí aṣọ náà á gbóná mọ́ ọn lára. Wákàtí kan kí ó tó sáré àti lẹ́yìn tó bá sáré tán, kó má jẹ àjẹyó. Ajá tí àyà rẹ̀ jìn bí Alsatian, ikùn rẹ̀ lè wú kó sì yí po, iṣẹ́ abẹ ló sì ń gbà á.

Ohun tí mo pè ní iṣẹ́ onírònú kò gba pápá. Ẹ fọ́n ìdajì oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ sínú koríko, kó fi imú ṣa á. Ẹ fi ẹran pamọ́ sínú ọ̀kan nínú páálí mẹ́fà, kó wá a. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èyí máa ń mú un sùn ju ìdajì wákàtí jíju bọ́ọ̀lù lọ. Bọ́ọ̀lù jíju nígbà gbogbo, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀: ara ajá á máa gbóná, ọkàn rẹ̀ á máa sáré, á di ẹni tí kò lè jókòó mọ́. Fífa àkísà dára jù, bí ó bá ní òfin. Ó fà, ẹ dá okùn dúró, ó tú u sílẹ̀, ẹ ní kó tún gbá a mú. Ọ̀pá tí a so àkísà mọ́ lórí okùn náà ń dùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, kí ó sì máa yí po lórí ilẹ̀ láìfò sókè. Ọmọ ajá tí kò tí ì pé ọdún kan ààbọ̀, oríkèé rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Kí ó má sáré lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí ó má fò láti orí ògiri.

Kí ilẹ̀kùn àgò tó ṣí, ajá gbọ́dọ̀ jókòó. Ẹ fọwọ́ kan ìdábùú. Ó dìde, ọwọ́ kúrò. Ó jókòó, ẹ ṣí i díẹ̀. Ó sáré bọ̀, ẹ pa á dé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Ohun kan náà ni ní géètì, pẹ̀lú okùn lára rẹ̀.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ó bọ́ síta kí iṣẹ́ yìí tó jinná, ẹ má lé e. Ẹsẹ̀ méjì kò lè bá mẹ́rin, eré sì ni lójú rẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn sí i, ẹ sá lọ sí òdìkejì, ẹ lóṣòó, ẹ máa wo ilẹ̀ bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀, ẹ ya ọ̀rá ẹran kó dún. Ẹlòmíì lè ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. Ẹ̀rù àwọn ará àdúgbò kì í ṣe àsọdùn o: ajá tó ń sá kiri láìsí ẹni tó ni ín lẹ́yìn rẹ̀, dìgbòlugi ló wà lọ́kàn wọn, òkò ló sì máa kọ́kọ́ bá a. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi láti oṣù mẹ́ta, kí a tún un gún lọ́dọọdún. Nọ́ńbà fóònù lára kọ́là. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n sì gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí egbò náà kéré tó.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra kọ́là oníná. Ẹ rò ó dáadáa. Ajá kì í mọ̀ pé àìjẹ́pè ló fa iná yẹn; ohun tó ń wò nígbà tí iná gbá a ló máa dá lẹ́bi. Tó bá jẹ́ ọmọ kékeré ló ń wò ńkọ́?

Okùn kì í kúrò lójijì. Bí mítà mẹ́wàá bá ti ń wọ́ nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ kò ti ní láti tẹ̀ ẹ́, ẹ gé e sí márùn-ún, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà èyí tó gùn bí apá lásán, tó ń mì lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí abo ajá àdúgbò bá ń wá akọ, ẹ dá gígùn rẹ̀ padà fún akọ yín, nítorí kò sí ẹ̀dọ̀ tó lè bá ìyẹn díje. Àwọn ajá kan sì wà tí kò ní kúrò lórí okùn láé níta géètì, pàápàá èyí tó ti pa adìyẹ rí. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ẹ ra mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún un, kó máa fi sáré.